Láfún Ojú Títì

Bí ẹ bá dé Òkè-Ayin, tí ẹ ní kí ẹnì kan má ṣe èyí, kó má ṣe tọ̀hún, ohun tí wọn yóò fi dá yín lóhùn ni pé, "Ẹni tó ní ká kó láfún kúrò lójú títì, kó fi àpáta hàn wá." Àlejò á máa wò sùn-ùn. Kí ló pa láfún àti àpáta pọ̀? Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí àwọn kan ń sọ ìtàn yìí lódì, inú sì máa ń bí mi.

Iṣẹ́ láfún ni iṣẹ́ àwọn obìnrin Òkè-Ayin. Wọn á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, bó bá rọ̀ tán, wọn á sá a sẹ́bàá títì ọ̀dà tó la ìlú já. Ọ̀dà gbóná, oòrùn ń mú, kí lèèyàn tún ń wá? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni láfún kúrò lẹ́bàá títì tó dé àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà yọ̀ lórí láfún tútù, ó gbé tíṣà obìnrin kan ṣubú, ẹsẹ̀ tíṣà sì kán.

Ni ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé òfin jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ohunkóhun sójú títì mọ́, ẹni tó bá dán an wò, wọn á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Oyèkànmí ni kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú Òkè-Ayin. Ó rántí ẹsẹ̀ tíṣà, ó nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn.

Ẹ má bú u o. Òfin náà dára. Àwọn kánsẹ́lọ̀ mìíràn, bí wọ́n bá ti nawọ́ tán, ẹ ò ní í fojú kàn wọ́n mọ́ títí ìbò mìíràn á fi dé. Oyèkànmí padà wálé. Ó kó àwọn obìnrin jọ sí ọgbà ilé ìwé, ó ṣàlàyé ìdí tí òun fi nawọ́, ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń mi orí, àánú tíṣà ń ṣe wọ́n. Ni Ìyá Àwẹ̀ró, tó dàgbà jù nínú wọn, bá dìde.

"A gbọ́, ọmọ wa. O ò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ wa ti wà nínú omi. Bó bá di ọ̀tunla tí kò rí oòrùn, ó bàjẹ́ nìyẹn, oúnjẹ wa títí òjò ló lọ yẹn. Níbo ká sá a sí?"

Oyèkànmí ní ṣebí àpáta wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ìyá wọn ń sá láfún sí kí ọ̀dà tó dé.

"Àpáta wà," ni ìyá náà wí. "Ọ̀nà rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹnì kan ń wolẹ̀, ẹnì kan ń tún gèlè wé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ jáde pé oko kajú bàbá Oyèkànmí ló bo ọ̀nà náà. Ìtìjú mú kánsẹ́lọ̀. Inú oko yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó ń nawọ́, ọkàn rẹ̀ kò débẹ̀ rárá.

Ó lọ bá bàbá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà náà. Inú bí bàbá. "Ìwọ lo nawọ́, igi tèmi lẹ fẹ́ gé?"

Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ó ní ọwọ́ òun ló jẹ̀bi, àwọn ìyá ìlú ló sì fẹ́ jìyà rẹ̀. Bàbá ní kó dìde.

"Ìlà kajú tó dí ọ̀nà yẹn, ìwọ ni mo gbìn ín dè. Bó o bá lè gé tìrẹ, àdá ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Kajú ọ̀hún ti ń tanná. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn obìnrin gbọ́ ìró àdá, àwọn náà gbé tiwọn wá. Bàbá jáde sí wọn. A rò pé ìjà ló bá dé, àfi bó ṣe bọ́ síwájú tó ń na ọ̀pá síbi tí ọ̀nà àtijọ́ ti yà. Kó tó di ọ̀tunla tí Ìyá Àwẹ̀ró ń bẹ̀rù, àpáta ti funfun báláú fún láfún. Ìyá náà wo kánsẹ́lọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ní kí àwọn kó láfún kúrò lójú títì ti fi àpáta han àwọn.

Kò pẹ́ sí i, òfin mìíràn dé ìgbìmọ̀: kí àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìwé kó kúrò. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, ó ku ti Oyèkànmí. Alága bi í bóyá òun ni bọ̀ọ̀lì ń bọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá dìde.

"Alága, mo fẹ́ nawọ́. Níbo lẹ ní kí wọ́n lọ?"

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ilẹ̀ fún àwọn oníbọ̀ọ̀lì, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn tó wá nawọ́, Oyèkànmí náà sì nawọ́.

Òun la ṣe ń wí i títí dòní, tí ẹni tó ń ṣòfin kò sì gbọdọ̀ bínú bá a bá wí i: ẹni tó ní ká kó láfún kúrò lójú títì, kó fi àpáta hàn wá.