Aṣọ Tí Bámgbópa Sá Sórí Àpáta

Abúlé kan wà lẹ́sẹ̀ òkè tó máa ń rú èéfín. Orí àpáta gbígbóná ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá aṣọ, torí kíá ló ń gbẹ. Ìyá Àjíhún ló ń ṣọ́ òkè náà. Ó kan èèkàn méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ilẹ̀ ti là, ó ta okùn sáàárín wọn, àràárọ̀ ló sì ń lọ fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bámgbópa ahunṣọ fọ gbogbo aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbéyàwó rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé nìkan ló kù sí i nídìí nígbà tí Ìyá dé.

"Ẹ kó aṣọ yín. Okùn tó dẹ̀ lánàá ti le bí ọsán ọrun. Ilẹ̀ ń ya."

Bámgbópa rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kí wọ́n tó bí mi lòkè yìí ti ń kùn. Ta ló pa rí?"

"Ti àná lò ń sọ yẹn, ọmọ mi."

Àwọn yòókù kó aṣọ, wọ́n sọdá odò. Bámgbópa ní kí ẹtù òun gbẹ ná. Ibi tó jókòó sí ni ilẹ̀ ti gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, tí okùn sì já, pá! Ó sáré, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa sọdá odò, iná ti bo àpáta.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fọwọ́ bojú.

Bámgbópa kúnlẹ̀. "Ìyá, tótó ó ṣe bí òwe: ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ."

"Wàá pa òmíràn, ọmọ mi." Ìyá bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gba èyí bora ná."