Ìbéèrè Ẹ̀ẹ̀kejì

Ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò àkọ́rọ̀ ń lu páànù ni Bàbá Òjéwùmí, ará Ìgbó-Ìṣin, kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó padà di òwe ìlú wọn lẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Nígbà tó fi máa gbọ́ ọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àwọn awọnlẹ̀ ni bàbá náà bá ṣiṣẹ́ nígbà tó lágbára. Òun ló máa ń fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, kò sì sí oko tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan, ó ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà àgbẹ̀ sínú rẹ̀: igi tó jẹ́ ààlà, odò tó la oko méjì, ibi tí ilẹ̀ ìdílé kan parí sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìdílé Arówólò àti ìdílé Ọdẹ́wálé, tí wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn nítorí ilẹ̀ etí odò Awínni, gbà pé àwọn yóò wá gbọ́ ohùn àwọn bàbá wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ohun tí òkú bá wí, abẹ gé e.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti di arúgbó. Bí ohùn bá dé ìdajì, á dákẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá, ètò tó ń darí ẹ̀rọ yìí ló ti gbó. Tuntun la máa gbé sí i. Ẹ kó àwọn ohùn yín sórí fíláàṣì kan, kí ẹ fi pamọ́. Ẹ wá ra fíláàṣì mìíràn tó ṣófo. Orí ìyẹn lẹ máa gbé ètò tuntun sí, òun lẹ máa kì bọ ẹ̀rọ lára tí ẹ̀rọ á fi jí. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi."

"Ṣé ó yé yín dáadáa, Bàbá?"

"Rẹ̀mílẹ́kún! Ṣé etí mi di ni? Nígbà tí mò ń fa ẹ̀wọ̀n nínú igbó, ìyá rẹ kò tíì mọ bàbá rẹ!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà. Kò sì béèrè mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá Òjéwùmí kó ohùn rẹ̀ sórí fíláàṣì. Ó wò ó, wọn kò gba ìdajì àyè tó wà níbẹ̀. Ó pòṣé. "Fíláàṣì kejì fún kí ni? Yàrá tó gba èèyàn mẹ́wàá, èèyàn mẹ́ta ló sùn sí i, wọ́n ní kí n lọ kọ́ ilé mìíràn fún àlejò!" Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò tuntun sórí fíláàṣì kan náà nìyẹn.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú gíláàsì pé gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì yìí yóò pa rẹ́, ṣé kí òun máa bá iṣẹ́ lọ? Ojú bàbá fo gbólóhùn ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ló dá lóhùn. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tún bi í: ṣé ó dá a lójú?

Ó fò dìde. "Irin lásán-làsàn! Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni! Ọmọ tó bá tún ìbéèrè bi àgbà, ó pe àgbà ní òpùrọ́!"

Ìyàwó rẹ̀, ìyá Ìbíyẹmí ọmọ wọn, yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá Ìbíyẹmí, ta lẹ ń bá jà?"

"Kọ̀ǹpútà ni. Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Ẹ ka ohun tó ń wí ná."

"Mo ti kà á!"

Kò kà á. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó kì fíláàṣì bọ ẹ̀rọ lára, tí ẹ̀rọ sì jí, ó tún béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun àtijọ́ inú òun kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni. Bó ṣe ń béèrè ni bàbá ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, nítorí ní tirẹ̀, ohùn ti wà ní ìpamọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Rẹ̀mílẹ́kún pé kó wá wo bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré. Obìnrin náà gba inú òjò dé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́! Fíláàṣì tí ohùn wà lórí rẹ̀ dà?"

Ó nà án sí i.

"Èyí tí ẹ gbé ètò tuntun sí ńkọ́?"

"Òun náà nìyẹn."

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó. Ó tú fíláàṣì, ó tú kọ̀ǹpútà, títí ọ̀sán fi pọ́n. Kò rí nǹkan kan.

"Kí ló dé tí ẹ̀rọ yìí kò sọ fún mi?" ni bàbá ń pariwo.

"Ó bi yín, Bàbá."

"Ó bi mí! Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí! Ó ń rí mi fín ni!"

"Kò rí yín fín," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín ló rí."

Inú bí bàbá gidigidi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìdílé méjèèjì dé, wọ́n jókòó, wọn kò gbọ́ ohùn kankan. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà lọ sílé. Ohùn mọ́kànlélógójì ló ṣègbé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú àwọn tó ni ohùn náà ló ti wà nínú ilẹ̀. Nínú mẹ́rìnlá tó kù, mẹ́sàn-án kò rántí ààlà mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Ìgbó-Ìṣin kì í ti í bínú sí ẹni tó bá tún ìbéèrè bi wọ́n, tí wọ́n sì ń pa á lówe pé: ẹni tó bi wá lẹ́ẹ̀mejì kò rí wa fín, ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa ló rí.