Ẹfúnwùmí Fẹ́ Fi Ilé Ra Oúnjẹ

Òrùlé kì í sọ ibi tó ti ń jò fún àlejò, ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí awo wí fún Ẹfúnwùmí nìyẹn, arúgbó aláró, níjọ́ tó fẹ́ fi ilé ara rẹ̀ ra oúnjẹ ọjọ́ alẹ́.

Nídìí aró ni Ẹfúnwùmí ti rí owó kọ́lé. Ilé náà fẹ̀, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n agbára ti tán lápá, ó sì ti pẹ́ tó ti da ìkòkò aró dé. A kì í sì í ge ògiri jẹ. Àìná, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, ó sì lóyún. Ebi ń pa ìyá yìí, kò jẹ́ sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Irọ́ gbuu!

Ni Látúnjí, ọlọ́rọ̀ àdúgbò, bá wá bá a. Ó ní, “Ìyá, n ó máa bọ́ yín títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Tẹ́ ẹ bá ti lọ, ilé di tèmi. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ síta, kí ojú má baà tì yín.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ẹfúnwùmí, síbẹ̀ kò yára gbà. Ilé yìí nìkan ló ní láyé. Ló bá gba ọ̀dọ̀ awo lọ.

Awo ní, “N ò ní kẹ́ ẹ gbà, n ò ní kẹ́ ẹ kọ̀. Ẹ rúbọ. Ẹ din àkàrà fún gbogbo àdúgbò, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní ojúde yín. Lójú wọn ni kí Látúnjí ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, kẹ́ ẹ sì bi í ní ọjọ́ tílé yóò bọ́ lọ́wọ́ yín.”

Háà! Ẹfúnwùmí fẹ́rẹ̀ẹ́ yarí. Kí àdúgbò wá mọ̀ pé ebi ń pa òun? Ó délé, ó jókòó, ó bínú. Nígbà tó bínú tán, ó gbé àdìrẹ tó kù nínú àpótí tà, ó fi ra ẹ̀wà àti epo.

Wọ́n jẹ àkàrà, wọ́n nu ẹnu. Látúnjí sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹfúnwùmí ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ wo gan-an nilé ó di tìrẹ?”

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá papòdà ni.” Ó wúkọ́. “Tàbí tẹ́ ẹ bá filé sílẹ̀ kọjá oṣù kan.”

“Tí Àìná bá bímọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa lọ bá mi wẹ ọmọ ni?”

Ẹ̀rín pa gbogbo ojúde. Àgbàlagbà kan bi í léèrè ẹni tí yóò máa bo òrùlé. Látúnjí ní ìyá ni. “Àgbẹdọ̀!” ni wọ́n ké lóhùn kan. “Ẹni tó máa nílé ni kó bolé!”

Látúnjí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú tì í, ó sì gbà. Ó yọ ọ̀rọ̀ oṣù kan kúrò, ó ní òun yóò máa bo òrùlé, àti pé bí Àìná bá dá ohun tí òun ná padà, Àìná ló nilé.

Àìná bí wẹ́rẹ́. Ẹfúnwùmí lọ wẹ ọmọ, ó pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù kan lọ, títí ó fi sanra. Ó padà dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé ibo ló ń lọ. Tayọ̀tayọ̀ ló ń wí pé ìtìjú ì bá ti gbalé lọ́wọ́ òun bí kì í bá ṣe ẹbọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ rú tiyín, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbà. Ẹni tó bá gbọ́ràn, inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń darúgbó.