Omi Tí Asédò Jẹ́ Kó Lọ

Omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé omi wo ni, odò wo ló ti ń ṣàn, ta ló sì fẹ́ mu ún, ọ̀pọ̀ yín yóò kàn máa wo ojú mi ni. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílùú Òkè-Àlùkò.

Odò Àlùkò ni wọ́n ń mu nílùú náà. Nígbà òjò, odò yìí a kún bí ẹni pé yóò gbé ayé lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú tán, àpáta àti yanrìn lásán ni yóò kù. Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn le débi pé àwọn obìnrin ń fi igbá lu ara wọn létí odò, àwọn ọkùnrin sì ń ṣe bí ẹni tó ti wẹ̀. Ọba ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó pe Oyèékànmí, ọkùnrin kan tó mọ ilé mọ, tó sì mọ ẹjọ́ rò, ó ní kó bá àwọn sé odò náà láàárín àpáta méjì tó wà lókè ìlú. Ó fi í jẹ oyè Asédò.

Oyèékànmí sé odò. Ó gbé ìtì igi dábùú rẹ̀, ó fi ọparun há a, ó fi amọ̀ dí gbogbo ihò. Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti sinmi, òun kò sinmi. Ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ìgbẹ́ màlúù pa orí odi náà bí ẹni pa ilẹ̀ yàrá, láràárọ̀ ni ó sì ń gbá a. Bí ewúrẹ́ bá mu omi ju bí ó ṣe rò pé ó yẹ lọ, yóò bá ewúrẹ́ náà wí. Adágún ńlá gbilẹ̀ lẹ́yìn odi, ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e kò sì rí wọn gbé ṣe. Inú ìlú dùn, orí Asédò sì wú.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe ọmọ Òkè-Àlùkò. Ọmọ Etídò ni, abúlé àwọn apẹja tó wà nísàlẹ̀ odò. Ẹja àrọ̀ ló ń bọ́ àwọn ará Etídò. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, àrọ̀ tó lóyún a gbéra láti ìsàlẹ̀, a gun odò lọ sókè, sínú koríko tí omi ti bò mọ́lẹ̀, láti lọ yé ẹyin. Ẹnikẹ́ni ní Etídò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lọ́nà. Wọ́n ní a kì í dá aboyún dúró. Ìgbà tí ó bá yé ẹyin tán, tí tọmọtọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ni wọ́n tó ń dẹ àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń sé odò, kò sí ẹni tó rántí èyí àfi Àwẹ̀ró. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹja gbọ́n, yóò wá ọ̀nà.

Ẹja kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n dé ìdí odi, wọ́n fò títí, wọ́n fi orí gbá amọ̀, àwọn àwòdì sì ń fi wọ́n ṣe àsè. Ebi pa Etídò lọ́dún náà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ọdún kejì fẹ́ rọ̀, Ọṣúnlànà, bàbá Àwẹ̀ró, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé àna rẹ̀. Ojú ti Oyèékànmí láti rí i pé àgbàlagbà yìí wá bẹ òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ọkọ Àwẹ̀ró, dìde,” ni bàbá wí. “O fẹ́ ọmọ wa, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àrọ̀ kò bá gòkè lọ́dún yìí, a óò kó kúrò ní Etídò, mi ò sì tíì mọ ibi tí a óò kó lọ.”

Oyèékànmí gba ààfin lọ. Ó ro ẹjọ́ náà fún ọba bó ṣe mọ̀ ọ́n rò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣí odi náà díẹ̀ títí àrọ̀ yóò fi lọ tí yóò sì fi bọ̀. Ọba gbọ́ ọ tán, ó ní ọwọ́ Asédò ni odi wà, bó bá wù ú kó ṣí i. Ó wá fi kún un pé, “Ṣùgbọ́n bí omi bá tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, má jẹ́ kí n bá ọ nílùú yìí.”

Ọ̀rọ̀ wá di iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bí ó bá dí odò pa, ó pa àwọn àna rẹ̀. Bí ó bá ṣí i, tí òjò kò sì pọ̀ tó, oyè lọ, ilé lọ, ìlú lọ. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó jókòó ti Àwẹ̀ró, tó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń ráhùn pé kò sí bí òun yóò ṣe wo omi ìlú kó máa lọ lójú òun.

“Ṣé gbogbo òjò tó ń rọ̀ ni ìwọ nìkan fẹ́ mu?” ni Àwẹ̀ró bi í, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ṣílẹ̀kùn fún aboyún. Bí ó bá kọjá tán, tì í padà. Bí wọ́n bá sì lé ọ nílùú, ilé bàbá mi tóbi.”

Ẹ̀rín pa á láìfẹ́. Nígbà tí àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbé àáké, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ kan odi náà níwọ̀n ẹnu ọ̀nà ilé. Omi rọ́ jáde, àrọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, dúdú, wúwo, wọ́n ń ti ara wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ará ìlú tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Ọwọ́ wọn wà lórí, wọ́n ń wí pé omi mímu àwọn ló ń lọ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Atúdò.

Àrọ̀ yé ẹyin, ó sọ̀ kalẹ̀, Etídò dẹ àwọ̀n, ilé wọn sì kún. Wọ́n fi agbọ̀n àrọ̀ yíyan ránṣẹ́ sí Òkè-Àlùkò. Àwọn ará ìlú jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì ń bá èébú wọn lọ. Oyèékànmí ti dí odi padà, ó ń wojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà tètè kásẹ̀ ńlẹ̀. Adágún kò kún dé ìdajì. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ó ń súnkì lójoojúmọ́, omi rẹ̀ di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ gba ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oyèékànmí ṣílẹ̀kùn, ó bá àwọn ìkòkò omi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wọn dojú dé. Bí àwọn obìnrin ìlú náà bá dojú ìkòkò dé sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin, ìlú ti lé e nìyẹn, kò sí ẹjọ́ tó kù láti rò. Kò dúró de ìránṣẹ́ ọba. Ó di ẹrù, Àwẹ̀ró gbé tirẹ̀, wọ́n sì gba inú odò gbígbẹ lọ sí Etídò, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kó lè gba ọ̀nà ọjà kọjá.

Wọ́n rìn kọjá odi náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí yanrìn. Lọ́dún tí odi fi wà ní dídí pa, yanrìn yìí gbẹ, ó le bí ojú ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ Oyèékànmí ń rì sínú rẹ̀. Òun kò fura, ìbànújẹ́ ti dí i lójú. Àwẹ̀ró tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dúró, ó ń wo ojú ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó rí i tí omi ń sun sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó pè é. Oyèékànmí kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ wa yanrìn, ó tún mú ọkọ́ nínú ẹrù, ó wa á. Kò tíì jìn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ tí omi fi dé, ó mọ́ gaara. Ó bu ú mu. Ó dùn ju ti adágún lọ.

Omi tí wọ́n sunkún lé lórí pé ó ti lọ, kò lọ tán. Bó ṣe ń la ọ̀nà fún àrọ̀ ni ó ń wọ inú yanrìn, ó dúró síbẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti lè fà á gbẹ. Oyèékànmí jókòó sínú yanrìn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Àwẹ̀ró fún un láyè kó sun ún tẹ́rùn.

“Ó yá,” ló wí nígbẹ̀yìn, “ṣé ká máa lọ sílé bàbá mi ni, àbí ká lọ pe àwọn tó ni ìkòkò?”

Wọ́n padà lọ pè wọ́n. Àwọn obìnrin gbẹ́ ihò kiri inú odò náà, wọ́n sì pọn omi níbẹ̀ títí òjò fi dé. Ọba fúnra rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bu omi mu. Ó ní, “Lójú gbogbo wa ló ṣe lọ. Omi tí ènìyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀.” Oyèékànmí kò kúrò nílùú. Lọ́dọọdún, bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó ń ṣí odi fún àrọ̀, ó sì ń dí i bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí ohun rere bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ṣì ń dúró dè é níbìkan. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tó di nǹkan mú débi pé ẹlòmíràn kò rí ọ̀nà kọjá. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Àlùkò, wọn kì í pa á fún ọ̀lẹ. Bí ọ̀lẹ bá fi òwe yìí ṣe àwáwí níbẹ̀, wọn yóò gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, wọn yóò sì nawọ́ sí yanrìn.