Ẹ Rọra, Ọmọ Ilé Ni

Gbé àgbàdo yẹn sílẹ̀ ná, Àwẹ̀ró, kí o gbọ́ mi. Àgbàdo kan ṣoṣo láti àárọ̀! Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tí a wà lọ́mọge, wàá jẹ tìrẹ, wàá jẹ tèmi, wàá tún máa wo ọwọ́ ìyá mi. Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí kí n tó di nọ́ọ̀sì, nítorí náà ìtàn ni mo fẹ́ fi sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ní agboolé ńlá. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni igi ìdáná ń gbà, ibẹ̀ náà ni elépo ń gbà wá rọ epo sí fìtílà yàrá rẹ̀. Ó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà náà nítorí olè. Alágbára ni wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn gbóná jù.

Ìyá ọkùnrin náà a máa jókòó ní ìloro, a máa bó ẹ̀gúsí. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti gbé kùmọ̀ sókè sí ẹni tí kò yẹ, ìyá á ní, “Ẹ rọra o, ọmọ ilé ni.” Kùmọ̀ á wálẹ̀. Irú ilé tí àwa náà gbé dàgbà nìyẹn, Àwẹ̀ró, tí ohùn àgbà kan ń mú gbogbo ilé tutù. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ìyá dàgbà, ó padà sílé bàbá rẹ̀ lọ sinmi. Kò sẹ́ni tó lé e, àkókò rẹ̀ ló tó. Kò sì sẹ́ni tó ronú pé ẹ̀gúsí nìkan kọ́ ló ń bó níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lu ọmọ ilé. Wọ́n lu apọnmi, wọ́n lu aṣẹ́gi, ìjà dí ọ̀nà tóóró náà pa. Baálé gbọ́ ariwo láti inú yàrá, ó ní, “Ilé tó bá ti gbó, kò ní ṣàì máa dún.” Iná fìtílà ń rẹlẹ̀, ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tí wọ́n fi máa pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú, tí elépo ráyè wọlé, òwú fìtílà ti jó di eérú. Epo kún fìtílà, yàrá sì ṣókùnkùn.

Ó kàn ọ́ wàyí. Ara rẹ ni agboolé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí rẹ ni ọ̀nà tóóró. Ojú rẹ ni fìtílà, ẹ̀jẹ̀ ni epo rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Ìyá ìloro ni họ́mọ́ọ̀nù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó sọ wá di obìnrin, tó ń mú nǹkan oṣù wá. Ṣé o rántí bí a ṣe jó nígbà tí nǹkan oṣù wa dáwọ́ dúró? A ní a ti bọ́. A ò mọ̀ pé ìyá kan ló ń dìde kúrò ní ìloro. N ò ní purọ́ fún ọ: àwọn dókítà ṣì ń wádìí bí lílọ rẹ̀ ṣe kan àìsàn yìí tó, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ara ẹni jà, ẹnu wọn ò tíì kò. Ohun tí ojú wọn rí ni pé àwa tí a ti hewú ló ń bá jà, ó sì ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ.

Orí ń fọ́ ọ ní ẹ̀bátí, o ò lè wé gèlè. Lánàá o ní nǹkan dúdú kọjá lójú ọ̀tún rẹ, o ní ara àgbà ni. Ara àgbà kẹ̀! Ọ̀rọ̀ baálé yẹn nìwọ náà ń sọ. Oògùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu wà lọ́sibítù, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń ran òwú tó ti jóná.

O ní kí n jẹ́ kí o kọ́kọ́ jẹ àgbàdo rẹ tán? Ó dáa. Jẹ ẹ́, mo ń wò ọ́.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn ọ́, àbí? Ìjà ojú ọ̀nà yẹn náà ni. O ò tíì jẹ ìlà kan tán. Wọ bàtà rẹ ká lọ sọ́sibítù, ọ̀rẹ́ mi. Ojú yẹn ni mo fẹ́ kí o fi wò mí lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí o bá tún ń jí àgbàdo mi jẹ.