Ìyá Ẹtu àti Àgúnmu Orí Òkè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀, tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń fi ìyìn rẹ̀ fún?

Ẹ máa rò ó. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ báyìí ti sún mọ́ ọn.

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn tìẹ̀tìẹ̀, ó gun òkè, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó gbé ń gún nǹkan nínú odó.

Ní ìlú àwọn ẹranko, odò kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò náà a gbẹ, gbogbo wọn a sì rìn lọ sí odò ńlá tó wà lẹ́yìn igbó. Ọ̀nà náà jìn. Ẹkùn a máa ba dè wọ́n lẹ́bàá rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni tirẹ̀.

Ìyá Ẹtu ti darúgbó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lójú ọ̀nà, èékánná Ẹkùn sì ha á nídìí kí ó tó bọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ti ń dín kù, àyà rẹ̀ a máa já. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá lè rìn lọ́dún yìí, òùngbẹ tàbí Ẹkùn, ọ̀kan ni yóò pa òun.

Ìjàpá gbọ́ ìráhùn Ìyá Ẹtu àti ti àwọn àgbà yòókù. Ó kó èèpo iṣu gbígbẹ, ó gún un kúnná, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó pè é ní àgúnmu orúnkún. Orí òkè ni ilé rẹ̀ wà, ọ̀lẹ sì ni. Kò fẹ́ kiri. Ó bá fi èèwọ̀ dè é.

"Orí òkè níbí ni ẹ ó ti máa lá a láràárọ̀," ó wí. "Ẹni tó bá rán ẹlòmíràn wá gbà á, tirẹ̀ kò ní jẹ́. Kí kálukú gbé àwo ẹ̀wà kan dání."

"Ìjàpá, ṣé ó dá ọ lójú pé ó ń ṣiṣẹ́?" Ìyá Ẹtu bi í.

"Háà, Màmá! Ẹ wo Ẹfọ̀n. Ẹ wo itan! Ẹfọ̀n, o lá a àbí o ò lá a?"

"Mo lá a," ni Ẹfọ̀n wí, ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ó parí! Àwọn àgbà ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìdí igi ni Ìyá Ẹtu ti sinmi. Nígbà tó yá, ìdí igi kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tó tún yá, ó ń kọjá lára igi náà láì bojú wò ó. Orin wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Kí ló sọ arúgbó dọmọdé?
*Àgúnmu orí òkè!*
Kí ló mú orúnkún tó yẹ̀ le?
*Àgúnmu orí òkè!*
Ìjàpá, bù ú fún wa o,
*Àgúnmu orí òkè!*

Orí ẹní ni Ìjàpá ti ń gbọ́ orin yìí. Ẹ̀wà kún ilé. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sùn, wọ́n ń yìn ín, títí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn létí rẹ̀ bí òótọ́.

"Yánníbo," ó pe ìyàwó rẹ̀, "àbí mo ti ṣèèṣì rí oògùn gidi ni?"

"Èèpo iṣu tí mo fẹ́ lọ dà sí ààtàn yẹn?"

"Ṣé o ò rí Ìyá Ẹtu ni? Ẹ̀rí wo lo tún ń wá?"

Láti ọjọ́ náà, Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbákọ bu àgúnmu sẹ́nu. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kí ni ẹni tó ní oògùn ẹsẹ̀ nílé tún fẹ́ fi ìrìn ṣe?

Bàbá Òkété ni aládùúgbò Ìyá Ẹtu nísàlẹ̀ òkè. Òun kò lè gòkè rárá. Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Ẹtu. Bí Ìjàpá bá bu àgúnmu fún un, a ṣe bí ẹni tó lá a, a fi ewé dì í, a gbé e lọ fún Òkété. Ẹ̀rù ń bà á pé orúnkún òun lè tún yẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ẹkùn.

Oṣù wọlé, oṣù jáde. Ìyá Ẹtu yọjú sí ihò Òkété.

"Bàbá Òkété, ẹ dìde ká lọ wo odò. Wọ́n ní ó ti ń fà."

Òkété gbé ìdí, ìdí kọ̀. "Orúnkún mi ò gbọ́. Tiyín ń jẹ́, tèmi ò jẹ́. Àfi tí ẹ bá ń lá jù mí lọ."

Ìyá Ẹtu lanu, kò lè pa á dé. "Bàbá Òkété, mi ò fẹnu kàn án láti ìgbà tí mo ti ń gbé e wá fún yín!"

Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó lá a kò le. Ẹni tí kò lá a ló le. Kí ni Ìyá Ẹtu ń ṣe tí Òkété kò ṣe? Ẹ pariwo rẹ̀ kí n gbọ́! Ó ń gun òkè. Ẹ ṣeun.

Ìyá Ẹtu kò sáré lọ pariwo ní tirẹ̀. "Àwa méjì kò tó ṣe ẹ̀rí," ó wí. "Ó lè jẹ́ pé ara tiyín ló kọ̀ ọ́." Ó pe àwọn àgbà jọ ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní kí àwọn kan máa gòkè, kí wọ́n má lá àgúnmu, kí wọ́n máa gbé e wá fún àwọn kan tí yóò máa lá a nílé. Ó ní kí àwọn yòókù gba ẹ̀yìn òkè gùn ún, kí wọ́n sì máa jẹ ẹ̀wà wọn fúnra wọn. Ó fa Òkété mọ́ àwọn wọ̀nyí. Ẹnu ihò ni ìrìn tirẹ̀ kọ́kọ́ mọ.

Nígbà tí odò fi gbẹ, ọ̀rọ̀ ti hàn. Àwọn tó ń lá a nílé wà bí wọ́n ti wà. Àwọn tó gòkè láì lá a ti le díẹ̀. Àwọn tó gòkè tí wọ́n sì jẹ ẹ̀wà wọn ló le jù. Òkété náà ti ń dá rìn.

Ní àárọ̀ ìrìn àjò, Ìyá Ẹtu sọ ohun tí wọ́n rí níwájú gbogbo ìlú lórí òkè.

"Aláìmoore!" ni Ìjàpá ké. "Ẹfọ̀n, wá jẹ́rìí mi!"

"Ẹfọ̀n," ni Ìyá Ẹtu wí, "kí o tó lá a ńkọ́?"

"Kí n tó lá a? Màmá, mo ti ń fi ìwo hú igi kí wọ́n tó bí Ìjàpá."

Ẹ̀rín sọ. Inú bí Ìjàpá. "Ó dáa! Èmi tí mo lá a ju gbogbo yín lọ ni n ó ṣáájú lónìí. Ẹni tó bá lé mi bá, kó pè mí ní òpùrọ́!"

Ó da èyí tó kù nínú igbá sẹ́nu, ètè rẹ̀ funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Èkejì ń gbọ̀n. Ó tún gbé e, ẹsẹ̀ yẹ̀, ó yí gbirigbiri láti orí òkè dé ẹnu ihò Òkété.

"Ẹ kú ìrìn, oníṣègùn," ni Òkété wí. "Ṣé ẹ ti lá tòní?"

Wọ́n gbéra. Ní ibi tí Ìyá Ẹtu ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, Ẹkùn fò yọ. Ìyá Ẹtu náà fò, erùpẹ̀ ni Ẹkùn gbá mú. Òkété rìn láàárín èrò, ó dé odò, ó mu omi yó.

Ìjàpá ló gbẹ́yìn. Ẹkùn gé e jẹ, ṣùgbọ́n ìkarahun Ìjàpá dùn ún léyín, ó tu ú dànù. Nígbà tí Ìjàpá fi wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀, gbogbo ẹranko ti tò sétí odò.

"Oníṣègùn ẹsẹ̀, na tìrẹ ká rí i!"

Ìtìjú bá Ìjàpá. Ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ó fa orí tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò títí dòní bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ó rò pé ẹ fẹ́ wò ó ni. Kì í sì í ṣe pé gbogbo àgúnmu ni irọ́, ẹ̀yin ọmọ, èyí tó bá jẹ́ òótọ́, kò ní bínú bí ẹ bá bi í pé "kí a tó lá a ńkọ́?"

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi rìn dé nìyẹn. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí orúnkún mi má ró bí mo ti ń dìde yìí. Bí n kò bá bù ú, kí ó ró. Ẹ gbọ́: kò, kò, kò!