Ìdí Tí Ọmọ-Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀ Fi Ní Etí Lẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà láéláé, nígbà tí ara ènìyàn ṣì jẹ́ ìlú tuntun, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò ní etí. Wọ́n funfun, wọ́n sanra, wọ́n gbójú. Oorun ni wọ́n sì máa ń sùn ṣáá.

Nínú ara ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àṣàbí, Làbárì ló ń gbé ìròyìn kiri. Kò tó eruku, ṣùgbọ́n ó lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá Mùdùnmúdùn, tó ń gbé inú egungun, tó bí gbogbo wọn, ti kìlọ̀ fún un pé: "Bí o bá dé ilé onílé, kágò. Bí wọn ò bá dáhùn, má wọlé o."

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gún gún Àṣàbí lẹ́sẹ̀. Kòkòrò àrùn gba ojú ihò náà wọlé. Àwọn ò kágò rárá.

Làbárì sáré dé ẹnu ọ̀nà Jagun, olórí ọmọ-ogun. "Àgò o! Àgò onílé o!"

Jagun ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń là, tó ń pa dé.

"Ọmọ yìí ń yán," ló wí. Lòun náà bá yán, ó sùn.

Níta, ẹsẹ̀ Àṣàbí ti wú. Kò lè mu omi mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e lé itan, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, omijé tirẹ̀ náà sì ń kán sí ọmọ lára. Làbárì gbọ́ ẹkún náà, ó sáré wọ inú egungun.

"Ìyá, wọn ò dá mi lóhùn!"

"O ò ṣe wọlé?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní n má wọlé."

Ìyá Mùdùnmúdùn ní: "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Mo kọ́ ọ lágò, mo gbàgbé láti fún wọn létí."

Ó bu díẹ̀ lára ara rẹ̀, ó fi mọ etí tí ohùn Làbárì wọ̀ wẹ́kú. "Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣe inú ilé."

Làbárì sáré padà, ó lẹ etí náà mọ́ ẹnu ọ̀nà Jagun.

"Àgò o!"

"Àgò yà!" Etí náà dáhùn, gbogbo ilé mì. Jagun ta gìrì.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú, bàbá. Ohun tí mo ṣe ń sáré nìyẹn."

Ni ogun bá tú jáde. Wọ́n sáré títí gbogbo ìlú fi gbóná. Nígbà tí ooru náà rọlẹ̀, Àṣàbí lajú, ó ní kí ìyá òun bu omi wá.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọmọ ti ń jogún àpẹẹrẹ etí yẹn nínú àbùdá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, torí àwọn ọmọdé máa ń sọ nǹkan nù. Bí ìyá rẹ bá sì gbọ́wọ́ lé ọ níwájú orí, tó ní ara rẹ gbóná, lo oògùn rẹ, má sunkún. Làbárì ló kágò, wọ́n sì ti dá a lóhùn.